Iṣu mẹ́jọ la wọ̀n, kì í ṣe mẹ́rìndínlógún

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìròyìn ilẹ̀ Èkìtì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, mi ò kọ̀wé sí yín rí, àmọ́ èyí tẹ́ ẹ gbé jáde nípa sítóò ìkóṣusí yẹn ò jẹ́ kí n rí oorun sùn dáadáa, torí ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, iṣu tèmi wà nínú iṣu tí wọ́n ń sọ, mo sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ẹ kọ ọ́ pé wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò, pé iṣu tó lo oṣù mẹ́ta ní sítóò ò ní ìyàtọ̀ kankan sí bó ṣe wà nígbà tí wọ́n kó o wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iṣu yẹn dín kù, nọ́ńbà tí wọ́n fúnra wọn kọ sílẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, ìṣirò tí wọ́n fi kà á ni ò bá a mu.

Kí n tó di oníṣu, tíṣà ìṣirò ni mí, ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti fi ẹfun kọ nǹkan sójú pátákó títí mo fi fẹ̀yìn tì, kí n tó gba ìdí iṣu lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Torí ẹ̀ ni mo ṣe rí i pé tí n bá dákẹ́ lórí èyí, mi ò ṣe dáadáa sí àwọn tá a jọ ń tajà, torí àwọn yẹn mọ̀ lára pé wọ́n ti rẹ́ àwọn jẹ, wọn ò kàn mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ fún ẹni tó gbé bébà dání ni.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Àwa bíi mélòó kan kó iṣu lọ sí sítóò kan tí mi ò ní dárúkọ ẹ̀, àdéhùn wa sì ni pé bí iṣu bá gbẹ jù, àwọn máa dín owó sítóò kù fún wa. Ó dára bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tá a kó o dé, wọ́n mú iṣu mẹ́jọ lójú gbogbo wa, wọ́n fi ìbò mú un, kò sẹ́ni tó ṣa èyí tó wù ú. Èmi gan-an ni mo fi máàkà kọ nọ́ńbà sí wọn lára, láti 1 dé 8, lápá orí níbi tí wọ́n ti gé e kúrò lára ìtàkùn, torí mo mọ̀ pé ara ibẹ̀ le, pé yíǹkì ò ní tètè pa rẹ́ níbẹ̀. Wọ́n gbé òṣùwọ̀n kọ́ sára igi àjà, wọ́n ń fi àpò gbé iṣu kọ̀ọ̀kan kọ́ ọ, ọmọkùnrin kan ń pè é, èmi náà ń kọ ọ́ sínú ìwé tèmi. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, iṣu mẹ́jọ yẹn náà ni wọ́n tún gbé kọ́ òṣùwọ̀n yẹn náà. Nọ́ńbà 5, tó tóbi jù nínú wọn, awọ ẹ̀ ti hunjọ nídìí, béèyàn bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ ó ń wọlé díẹ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí.

Ohun tó wà nínú ìwé mi nìyí, kílò ni gbogbo ẹ̀. Nọ́ńbà 1 jẹ́ 2.1, ó di 1.8. Nọ́ńbà 2 jẹ́ 4.8, ó di 4.2. Nọ́ńbà 3 jẹ́ 1.6, ó di 1.4. Nọ́ńbà 4 jẹ́ 3.5, ó di 3.1. Nọ́ńbà 5 jẹ́ 5.2, ó di 4.5. Nọ́ńbà 6 jẹ́ 2.7, ó di 2.4. Nọ́ńbà 7 jẹ́ 3.9, ó di 3.4. Nọ́ńbà 8 jẹ́ 1.8, ó di 1.6. Tẹ́ ẹ bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, kílò 25.6 ló wọlé, 22.4 ló jáde, kílò 3.2 ti lọ. Ìpíndọ́gba iṣu kan nígbà tó wọlé sì rèé, 3.2 náà ni, ìyẹn ni pé iṣu mẹ́jọ la kó wọlé, àmọ́ tó bá jẹ́ ti ìwọ̀n, bíi méje la kó jáde. Odidi iṣu kan tó lè kún odó fún uyán alẹ́, bí àwa ṣe ń pè é níbí, ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ tún wò ó, kò sí ẹyọ kan nínú mẹ́jọ tí kò dín kù. Ká ní ò sí nǹkan tó ń ṣe iṣu wọ̀nyí, tó kàn jẹ́ pé òṣùwọ̀n ló ń ṣe ségesège, á dà bí ìgbà téèyàn ju owó ẹyọ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ tó sì ń dojú dé ní gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ìgbà 256 nirú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ní àwọn ò rí ìyàtọ̀? Ọmọ tó ṣe ìṣirò náà mọ̀wé, mi ò sì pè é ní onírọ́, ó tẹ nọ́ńbà sínú kọ̀ǹpútà bó ṣe yẹ. Ó to ti ìwọlé sí apá kan, ó to ti ìjáde sí apá kejì, ó wá ní kí kọ̀ǹpútà bá òun fi àwùjọ méjì wé ara wọn, àwùjọ tí ọ̀kan ò mọ ìkejì rí. Mo lọ bá a. Mo ní, "Ọmọ mi, iṣu mélòó la wọ̀n?" Ó ní, "Mẹ́jọ ni mà." Mo ní, "Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà ẹ fi rò pé mẹ́rìndínlógún ni?" Ó wojú mi, ó wo ìwé, kò dáhùn. Ó dùn mí pé ọjọ́ ti lọ nígbà yẹn, bébà ti dé ọ̀dọ̀ yín.

Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Téèyàn bá fi wọ́n ṣe mẹ́rìndínlógún, ohun tó máa kọ́kọ́ kọlù ú ni pé iṣu ò tóbi bákan náà. Nọ́ńbà 5 fi kílò 3.6 ju nọ́ńbà 3 lọ látinú oko wá, kí ẹnikẹ́ni tó kó wọn sí sítóò, nígbà tó jẹ́ pé ohun tá à ń wá ò ju ìdajì kílò lọ. Ó dà bí ìgbà tí ọmọ ìkókó ń sunkún láàárín Ọjà Ọba l'Ádó lọ́jọ́ ọjà, kì í ṣe pé ọmọ ò sunkún, ariwo ọjà ló bò ó. Àmọ́ téèyàn bá mú iṣu kọ̀ọ̀kan, tó fi bó ṣe jáde yọ kúrò nínú bó ṣe wọlé, títóbi ẹ̀ á bá ìyókúrò yẹn lọ, torí iṣu kan náà ló wà lápá méjèèjì, ariwo á lọ sílẹ̀, ẹkún ọmọ nìkan ló máa kù. Àwọn nọ́ọ̀sì wa mọ èyí dáadáa. Tí wọ́n bá ń wọn ọmọ ní ọsibítù, káàdì tiẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, wọ́n á fi oṣù yìí wé oṣù tó kọjá lára ọmọ yẹn gan-an, kò sí nọ́ọ̀sì tó máa da gbogbo káàdì pọ̀ kó tó máa bi ara ẹ̀ pé ṣé àwọn ọmọ ń sanra.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò náà sójú ìwé kẹ́nikẹ́ni tó bá fẹ́ lè bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó lọ lára iṣu kọ̀ọ̀kan, láti 1 dé 8, ni 0.3, 0.6, 0.2, 0.4, 0.7, 0.3, 0.5, 0.2. Ìpíndọ́gba ẹ̀ jẹ́ 0.4. Bí wọ́n ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba yẹn, tí wọ́n ń pè ní standard deviation, jẹ́ bíi 0.185. A máa pín in pẹ̀lú 2.83, ìyẹn nọ́ńbà tó jẹ́ pé tá a bá fi sọ ara ẹ̀ di púpọ̀, 8 ló máa bọ́ sí, ó di 0.0655. Iṣu mẹ́jọ ló wà, a yọ ọ̀kan kúrò, ó ku 7, nítorí náà a máa lọ sídìí 7 nínú tábìlì t, ìyẹn tábìlì tó ń sọ bó ṣe yẹ ká fẹ gbèdéke tó nígbà tí ohun tá a wọ̀n ò pọ̀, á fún wa ní 2.365, a fi sọ 0.0655 di púpọ̀, ó di 0.155. Ẹ fi 0.155 yọ nínú 0.4, ẹ tún fi kún un. Ohun tó jáde ni pé oṣù mẹ́ta ní sítóò yẹn ń gba nǹkan bíi kílò 0.25 sí 0.55 lára iṣu kan ní ìpíndọ́gba. Àlàfo láàárín gbèdéke méjì yìí ni wọ́n ń pè ní confidence interval, ti ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Òdo, ìyẹn pé iṣu ò pàdánù nǹkan kan, ò sí nínú ẹ̀, kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn.

Àwọn tó tú iṣu ká ńkọ́? Nọ́ńbà kan náà, iṣu kan náà, ìpíndọ́gba 0.4 kan náà, àmọ́ gbèdéke tiwọn lọ láti kílò 1.77 tó dín kù títí dé 0.97 tó lé sí i, òdo wà láàárín ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi rí ìyàtọ̀. Ẹ gbọ́, wọ́n ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí iṣu tá a ti wú kúrò nílẹ̀, tí kò lómi, tí kò ní gbòǹgbò, fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kílò kan sanra sí i lórí pákó. Ká ní ẹnì kan nínú ọ́fíìsì yẹn ti gbé iṣu rí ni, ibẹ̀ ni ì bá ti mọ̀ pé ìṣirò náà ti ṣìnà.

Mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ fún wa ní tábìlì t yẹn, William Sealy Gosset, ilé iṣẹ́ ọtí Guinness ní Dublin ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ ọkà bálì àti ọtí ló gbé e débẹ̀, torí nǹkan díẹ̀ péré ló sábà máa ń rí wọ̀n, kì í rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ọdún 1908 ló kọ ọ́ jáde, kò fi orúkọ ara ẹ̀ sí i, "Student" ló kọ síbẹ̀, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́. Àpẹẹrẹ tó mú wá sì jọ tiwa gan-an. Èèyàn mẹ́wàá lo oògùn oorun méjì, ẹnì kọ̀ọ̀kan lo méjèèjì, wọ́n kọ iye wákàtí oorun tó fi lé ti tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ẹnì kọ̀ọ̀kan wé ara ẹ̀, oògùn kejì fi wákàtí 1.58 ju ti àkọ́kọ́ lọ, gbèdéke ẹ̀ sì jẹ́ 0.70 sí 2.46. Tẹ́ ẹ bá tú wọn ká bíi pé èèyàn ogún ni, wákàtí 1.58 yẹn náà ni, àmọ́ gbèdéke á fẹ̀ láti òdì 0.21 dé 3.37, òdo á wọ inú ẹ̀, ẹ̀yin náà á ní oògùn méjèèjì dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ èèyàn mẹ́wàá tó sùn yẹn náà ni. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí bébà yẹn ti wà nílẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ pé orí iṣu wa l'Ékìtì la ó ti tún máa ṣe àṣìṣe ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìdá 95 yẹn túmọ̀ sí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣì í gbọ́, títí kan àwọn tó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Jerzy Neyman, onímọ̀ ìṣirò kan, ló ṣàlàyé ẹ̀ ní kíkún lọ́dún 1937. Ẹ fi ọdẹ rò ó. Iye tí iṣu ń pàdánù gan-an, ojú kan ló wà, kì í rìn, takúté wa ló ń rìn. Gbogbo ìgbà tá a bá tún mú iṣu mẹ́jọ mìíràn tá a wọ̀n ọ́n, takúté tuntun la dẹ, ibi tó máa bọ́ sí á yí díẹ̀. Tá a bá dẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún, bíi 95 nínú ẹ̀ á mú òótọ́ náà, bíi márùn-ún á tàsé. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè búra pé 0.25 sí 0.55 yìí gan-an ò tàsé, mo kàn mọ̀ pé irú takúté tó ń mú ẹran dáadáa ni mo fi dẹ ẹ́.

Mi ò sì ní kẹ́nikẹ́ni máa so ohun tí kò ní ẹnìkejì pọ̀ o, ìyẹn náà burú. Ká ní iṣu mẹ́jọ láti Ìkọ̀lé la wọ̀n, a tún wọn mẹ́jọ mìíràn láti Ọ̀mùò, kò sóhun tó so nọ́ńbà 1 ti Ìkọ̀lé mọ́ nọ́ńbà 1 ti Ọ̀mùò ju pé wọ́n jọ wà lórí ìlà kan nínú bébà. Níbẹ̀, ọ̀nà tọ́mọ yẹn lò gan-an ló tọ́, ẹ fi àwùjọ wé àwùjọ, ó sì dáa kó jẹ́ ọ̀nà tí onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Welch kọ jáde lọ́dún 1947, torí ìyẹn ò fipá sọ pé iṣu ìlú méjèèjì gbọ́dọ̀ tú ká bákan náà. Mo ti rí ẹni tó to ti apá ọ̀tún láti kékeré dé ńlá, tó tún to ti apá òsì láti kékeré dé ńlá, tó wá ń fi ọ̀kan yọ nínú ìkejì. Gbèdéke ẹ̀ á fún pinpin, á dùn ún wò, irọ́ pátápátá sì ni, torí òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ ṣẹ̀dá ìbátan tí kò sí níbẹ̀. Síso pọ̀ náà tiẹ̀ ní owó tó ń gbà. Nígbà tá a so mẹ́jọ pọ̀, 2.365 la fi sọ ọ́ di púpọ̀, ká ní a gbà pé mẹ́rìndínlógún ni, 2.145 ni ì bá jẹ́. Tí ohun téèyàn so pọ̀ ò bá jọra lóòótọ́, á kàn san owó yẹn lásán ni. Ti iṣu wa yàtọ̀, iṣu ló bá ara ẹ̀ pàdé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nọ́ńbà tí mo kọ sí i ṣì wà lórí ẹ̀.

Kí n má fi òótọ́ pa mọ́ fún àwọn onísítóò náà. Ohun tí mo ṣírò yìí ò fi hàn pé sítóò wọn burú ju ọ̀nà tí bàbá wa ń gbà kó iṣu pamọ́ lọ. Iṣu tá a bá ti wú ń mí, omi ara ẹ̀ ń gbẹ, tó bá tún hù, ó ń fi ara ẹ̀ bọ́ ohun tó ń hù, ibi yòówù ká kó o sí, á dín kù. Ohun tí mo sọ ò ju pé ó dín kù, ó sì dín kù ju ohun téèyàn lè pè ní òdo lọ, àdéhùn wa sì ni pé a ó jókòó sọ̀rọ̀ owó tó bá rí bẹ́ẹ̀. Iṣu mẹ́jọ péré sì ni, oṣù mẹ́ta yẹn péré, mi ò lè fi sọ̀rọ̀ nípa ewùrà tàbí nípa iṣu ọdún tó ń bọ̀.

Tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ lóòótọ́ bóyá sítóò wọn sàn ju ti bàbá wa, mo ṣe tán láti bá wọn ṣe é, ọ̀fẹ́ ni. Ká mú iṣu láti oko kan náà, ká tò ó ní méjì méjì, èyí tó tóbi dọ́gba tọ́jọ́ tí wọ́n wú wọn sì bára mu, bí Táyé àti Kẹ́hìndé. Ká ju owó ẹyọ lórí méjì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan á lọ sí sítóò, ìkejì á lọ sí abẹ́ ibòòji lóko. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ká wo iye tí Táyé pàdánù àti iye tí Kẹ́hìndé pàdánù, ká yọ ọ̀kan nínú ìkejì, ká tó wá wá gbèdéke lórí ìyókúrò yẹn. Ogún ìbejì báyìí lè sọ ohun tí ọgọ́rùn-ún iṣu tá a kàn dà jọ ò ní lè sọ. Àmọ́ owó ẹyọ yẹn ṣe pàtàkì o, ẹ má jẹ́ kí onísítóò fúnra ẹ̀ yan èyí tó máa kó sínú sítóò ẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí èmi náà yàn án.

Ó ku ti ẹ̀yin oníwèé ìròyìn, ẹ má bínú sí mi. Nígbà tẹ́nì kan bá gbé irú bébà yìí wá, ẹ máa bi í ní ìbéèrè méjì kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ bi í pé ṣé nǹkan kan náà lẹ wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì àbí nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ bi í pé láti ibo dé ibo ni gbèdéke ẹ̀, kẹ́ ẹ sì tẹ gbèdéke yẹn sínú ìwé, ẹ má tẹ ìpíndọ́gba nìkan. Ká ní ẹ tẹ òdì 0.97 sí 1.77 yẹn jáde, àwọn ìyá oníṣu tí kò ka ìwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ì bá kọ́kọ́ pariwo pé iṣu kì í sanra lórí pákó. Ẹ sì jọ̀ọ́, "a ò rí ìyàtọ̀" àti "kò sí ìyàtọ̀" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹni tó wá ewúrẹ́ ẹ̀ ní òru láìgbé iná dání lè ní òun ò rí i, kò lè ní ewúrẹ́ ò sí nínú ọgbà. Bébà tí wọ́n fún yín, "a ò rí" ló wà nínú ẹ̀, "kò sí" lẹ kọ, owó wa sì bá a lọ, torí ìwé ìròyìn yín ni wọ́n gbé síwájú wa nígbà tá a lọ bá wọn pé kí wọ́n rántí àdéhùn.

Mo bẹ̀ yín kẹ́ ẹ tún un kọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ fi 0.25 sí 0.55 síbẹ̀. Ìwé tí mo kọ nọ́ńbà sí wà lọ́wọ́ mi, ti ìwọlé lápá òsì, ti ìjáde lápá ọ̀tún, iṣu kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tiẹ̀. A ti ta méje nínú iṣu yẹn, àmọ́ nọ́ńbà 5 ṣì wà nílé mi, mi ò tíì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gún un. Kí oníròyìn yín wá wò ó, kó gbé òṣùwọ̀n tiẹ̀ dání.

Èmi ni tiyín,
Ìyá oníṣu, tíṣà ìṣirò tẹ́lẹ̀,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.